Fíìmù Àwọn Ará Kòríà Ló Kọ́kọ́ Sọ Ọ́ fún Mi

Bí kókó kan bá wà ní ọyàn rẹ bí o ti ń ka ìwé yìí, tí kò sì dùn ọ́, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tèmi náà kò dùn mí. Bó bá jẹ́ pé eyín ló ń ro mí ni, ǹ bá ti wá nǹkan ṣe sí i lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n kókó tí kò dunni, tí kò díni lọ́wọ́ iṣẹ́, tí aṣọ sì bò mọ́lẹ̀, èèyàn lè máa gbé e kiri títí yóò fi gbàgbé pé òun gbé nǹkan kan.

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lálúpọn ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni ọkọ fẹ́ mi sí. Mo ka ìwé mẹ́wàá, n kò lọ jù bẹ́ẹ̀. Gàrí ni mò ń yan láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ jẹjẹrẹ fún, àti ní pàtàkì nítorí àwọn tó ní i tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ rẹ̀ fún. Mo tún ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa fíìmù àwọn ará Kòríà tí gbogbo ọmọ wa ń wò báyìí. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọ tan, kó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mò ń wẹ̀, mo fi kànrìnkàn bọ abẹ́ apá òsì, ọwọ́ mi sì kan nǹkan líle kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn. Ó tó èkùrọ́ kékeré. Mo tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tún wá a, mo rí i. Mo wẹ̀ tán, mo lọ síbi iṣẹ́.

Nílé gàrí wa, Ìyá Gbékẹ̀ ni agbada rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo ní, "Ìyá Gbékẹ̀, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibí yìí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín. "Ooru agbada ni. Omi ọyàn ló dì síbẹ̀."

"Omi ọyàn wo? Àbíkẹ́yìn mi ti ń fá irùngbọ̀n!"

"Èyí tí kò mu tán nígbà náà ni. Ṣé o rò pé ó ń lọ síbì kankan ni? Ó sùn síbẹ̀ ni, iná wá jí i."

Obìnrin kan tó ń kù gbágùúdá lẹ́yìn wa ní, "Ẹ pe ọkọ ẹ̀, Bàbá Múínà, kó wá mu ún, kó tán ńbẹ̀!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nílé gàrí, bí obìnrin bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, tí ọyàn rẹ̀ wá le, a máa ń ká aṣọ sí etí agbada kó gbóná, ká fi máa tẹ̀ ẹ́ títí omi yóò fi dà. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ abiyamọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi jiyàn. Láràárọ̀, kí n tó da gàrí sí agbada, mo máa ń ká aṣọ mi sí etí rẹ̀, mo máa ń fi tẹ ọyàn náà, Ìyá Gbékẹ̀ á sì máa béèrè pé, "Ṣé ó ti ń rọ̀?" N óò ní ó dà bíi pé ó ti ń rọ̀. Kò rọ̀. Mo fi aṣọ gbígbóná tẹ jẹjẹrẹ títí òjò fi lọ tí ọyẹ́ fi dé. Ẹ̀yin tó ń yan gàrí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ooru agbada kọ́ ló ń bí kókó, aṣọ gbígbóná kò sì lè tú u.

Nígbà tí ọyẹ́ yóò fi dé, awọ ibẹ̀ ti ń ṣe bí èèpo ọsàn. Orí ọmú náà wọlé. Òmíràn yọ ní abíyá mi. Àkọ́bí mi, Múínà, tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, wá sílé fún ìsinmi, ó sì wọlé bá mi níbi tí mo ti ń wọṣọ.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Omi ọyàn tó dì ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá Gbékẹ̀."

"Ìgbà wo ni Ìyá Gbékẹ̀ di dókítà?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ń yọ fóònù rẹ̀ kúrò lára iná, ó ń wá bàtà.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìyànà Ọ̀fà la kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń bá wa ṣàwàdà títí ó fi fọwọ́ kan abíyá mi. Àwàdà náà dá. Ó kọ ìwé fún wa pé ká lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn, ká má jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé irú ibẹ̀ rí, ẹ di ọkàn yín le. Kí oòrùn tó yọ la máa ń wọ ọkọ̀ máíkírà kúrò nílé, síbẹ̀ a óò bá àwọn tó sun ibẹ̀ níwájú wa. Ìlà wà fún káàdì, ìlà wà fún owó, ìlà wà fún nọ́ọ̀sì, ìlà wá wà fún dókítà, ẹni tó sì dé iwájú lè gbọ́ pé dókítà ti lọ ṣiṣẹ́ abẹ, kó padà wá lọ́la. Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn fi ìborùn bo àyà wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì léèrè. Ọ̀kan nínú wọn, ará Ẹgbẹ́dá, sún fún mi. Ó ní, "Ẹ jókòó jàre. Ìlà yìí ò ní sá lọ." Èmi àti obìnrin yìí á tún pàdé.

Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì. Nígbà tí ọjọ́ èsì pé, ibà ń ṣe mí, Múínà sì ti padà síléèwé. Ọkọ mi ní kí n sinmi, òun á lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní àwọn á bá a lọ. Ìyá Adégbayì là ń pè wọ́n, nítorí Adégbayì ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń ta ike níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n tọ́ ọkọ mi lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Nínú ilé wa, bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Ọkọ mi kò wò mí lójú, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Adégbayì ni wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, bá wa dúpẹ́. Wọ́n ní omi ọyàn tó dì ni. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀ ni kò jẹ́ kó tú."

"Alhamdulilahi. Ìwé rẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ìwé kẹ̀? Ọ̀dọ̀ wọn níwèé máa ń wà."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìyá Gbékẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, dókítà náà wá sọ bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí mo fẹ́ jiyàn sí? Wọ́n ní oògùn ìbílẹ̀ ló máa ń tú irú rẹ̀. Ọkùnrin kan wá láti Ọ̀nà-Àrà pẹ̀lú àgbo nínú ìgò àti nǹkan dúdú kan tí n óò máa fi pa á. Àbúrò ọkọ mi gba omi hàǹtú wá lọ́dọ̀ àáfà. Ẹlòmíràn ní kí n má jẹ adìyẹ mọ́, ẹlòmíràn ní adìyẹ nìkan ni kí n máa jẹ. Mo mu gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n mu. N kò bínú sí ọkùnrin Ọ̀nà-Àrà yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún un náà ni omi ọyàn. Wọ́n purọ́ fún òun náà.

Wọ́n ní kí n dá gàrí yíyan dúró kí n sinmi. Ọkọ mi ń pọn omi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, n kò rí ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Nígbà tí Múínà tún wá sílé, mo sọ fún un pé omi ọyàn ni èsì náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fò sókè. Ó fún mi ní fóònù rẹ̀ àtijọ́, ó lọ bá àwọn tó ń kó fíìmù sínú fóònù ní Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n kó fíìmù Kòríà sínú rẹ̀ títí ó fi kún.

Èdè wọn ni wọ́n ń sọ, wọ́n wá ń kọ òyìnbó rẹ̀ sísàlẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, kí n tó ka ìlà kan tán, òmíràn á ti dé. Nígbà tó yá, ojú mi là sí i. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún àgbà, tí kékeré kì í fi ọwọ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń jẹun, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀. Ọmọ olówó tó ni ilé gogoro ló máa ń fẹ́ ọmọ tó ń ta búrẹ́dì, wọ́n á sì ti wo ara wọn lójú títí èèyàn á fi sùn lọ kí wọ́n tó di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹni tó ń yan gàrí kò ní irú àkókò yẹn. Bó o bá wo ẹnì kan lójú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, gàrí á ti jóná.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ ti ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá òkun. Èmi àti Múínà jọ ń wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Inú ń run ìyá náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà lọ gba èsì àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà, ó padà wálé, ó sì sọ fún un pé ọgbẹ́ inú lásán ni. Láti ọjọ́ náà gbogbo ọmọ rẹ̀ di ọmọ rere. Èyí tí kì í wálé tẹ́lẹ̀ ń wálé. Èyí tó ń bá a jà gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn wá fún un. Bí ìyá náà bá sì ti wọlé bá wọn, ọ̀rọ̀ á dá, ọ̀kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Múínà ń sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n mà fẹ́ràn ìyá wọn o."

Abọ́ ẹja wà lórí itan mi. Ẹja àrọ̀ ni, ọbẹ̀ ata rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ìyá Adégbayì ni wọ́n gbé e wá láàárọ̀ yẹn. Mo wo ẹja náà. Mo rántí ọjọ́ tí mo wọ yàrá bá wọn, àwọn àti ọkọ mi, tí wọ́n dákẹ́, tí ọkọ mi sì mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ọkọ mi kò mú ìgbálẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi.

Mo ní, "Múínà, dá a dúró."

"Kí ló dé?"

"Ìgbà wo lo rí i tí Ìyá Adégbayì gbé ẹja wá fún mi rí?"

Ó ronú. "Mi ò rántí."

"Kò sí ohun tí wàá rántí. Wọn ò gbé e wá rí. Ta ló rí ìwé èsì mi?"

Ó gbójú sókè wò mí. Omijé ojú rẹ̀ ti gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì a ní à ń lọ ra nǹkan ní Ìyànà Ọ̀fà. Ìbàdàn la gbà lọ. Dókítà tó rí wa jẹ́ ọmọdébìnrin kan tó tinrín. Ó wo fáìlì mi, ó wo ojú mi.

"Mọ́mì, níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?"

"Ṣebí ẹ ní omi ọyàn tó dì ni. A ń fi àgbo tú u."

"Ta ló sọ pé omi ọyàn ni?"

"Ẹ̀yin."

"Àwa kọ́, mà." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "A sọ fún bàbá àti ìyá kan tí wọ́n jọ wá. Wọ́n ní àwọn á fi ẹ̀lẹ̀ sọ ọ́ fún yín nílé, àwọn á sì mú yín wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Jẹjẹrẹ ọyàn ni, Mọ́mì."

N kò kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ẹni tó ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún aláìsàn kà á dáadáa. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mi, n kò kú, n kò dákú, n kò ya wèrè. Ẹnu mi gbẹ. Mo béèrè omi, mo mu ún, mo wá béèrè ohun tá a máa ṣe. Dókítà náà ní ká ní mo wá nígbà tí èsì jáde ni, ibi tí wọ́n máa gé kì bá pọ̀, wọn ì bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lójú ẹsẹ̀. Ó ti gbilẹ̀ báyìí. Oògùn ni wọ́n á kọ́kọ́ máa fà sí mi lára kó lè sún kì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gé gbogbo ọyàn náà. Mo bi í bóyá n óò yè. Ó ní òun ò lè ṣèlérí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì wà. Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Òun nìkan ló ti sọ òtítọ́ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí a padà délé, ọkọ mi ti fura pé a pẹ́ jù, ó ti ránṣẹ́ pe Ìyá Adégbayì. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Adégbayì ní, "Níbo lo lọ, ìyàwó?"

"Ọsibítù, mà. Ẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni."

"Má dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yìí!" Wọ́n fi ọwọ́ yí orí wọn ká, wọ́n ta ìka nù. "Ọlọ́run ò ní jẹ́!"

"Ó ti wà nínú ilé, mà. Ara mi ló wà."

"Torí ìfẹ́ ni! Ìyá tó bí wa, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe dárúkọ àìsàn wọn fún wọn. Wọ́n délé, wọ́n kọjú sógiri, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ. Ṣé kí n tún jókòó kí n máa wo ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì ni? Tí ọ̀bẹ bá sì kàn án, á fọ́n ká. Ta ló máa dá ẹ lóhùn tó bá fọ́n ká?"

"Ẹ wo abíyá mi, mà. Ṣé kò tíì fọ́n ká ni?"

Wọn ò wò ó. Mo kọjú sí ọkọ mi. "Bàbá Múínà, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Mo fẹ́ sọ fún ọ."

"Ìgbà wo?"

"Tí ara rẹ bá le díẹ̀."

"Kí ló máa mú un le? Àgbo omi ọyàn?"

Ó ní kí n má bínú. Ohun tí wọ́n máa ń ní ká má ṣe nìyẹn. Mo wọlé, mo kó ìgò àgbo jáde, mo dà wọ́n sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ń wò mí. Mo ṣì kúnlẹ̀ kí Ìyá Adégbayì nígbà tí wọ́n ń lọ, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò jẹ ẹja náà tán.

A ta ẹ̀rọ tá a fi ń lọ gbágùúdá kí n lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìyẹn ni mo máa sọ nípa owó. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ mọ ìyókù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi nípa bí àwọn ará Kòríà ṣe ń ṣàìsàn nínú fíìmù, torí ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi jù. Obìnrin tó ní jẹjẹrẹ nínú fíìmù, imú rẹ̀ á ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fi áńkáṣíìfù funfun nù ún. Òun nìkan ló ń sun yàrá kan, òdòdó sì wà lójú fèrèsé. Irun rẹ̀ kì í re, bó bá sì re, wọ́n á dé fìlà kan fún un tó bá aṣọ rẹ̀ mu. Kì í bì. N kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni gbé bàsíà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Nọ́ọ̀sì kò rán an lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ níta. Wọn ò ní kó lọ wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Yìnyín á máa bọ́, orin á máa dún, á sì fi orí lé èjìká ọkọ rẹ̀, á kú lẹ́wà.

Ní wọ́ọ̀dù tiwa, a pọ̀. Fáànù kan ló wà níbẹ̀, kì í sì í yí bí kò bá síná. Ibẹ̀ ni mo tún ti bá obìnrin Ẹgbẹ́dá pàdé, a sì jọ ń wo fóònù mi bí oògùn bá ń kán sí wa lára. Nígbà tó rí obìnrin tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó pòṣé.

Ó ní, "Kó wá kí wa níbí. Kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi yìí lálẹ́ kan, ká wò ó bóyá ojú ẹ̀ á ṣì máa dán."

Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní ká dákẹ́. Oògùn yẹn mú irun mi lọ, ó mú adùn ẹnu mi lọ, èékánná mi dúdú. Ìgbà kan wà tí omi tútù gan-an ń rùn sí mi. Nígbà tí mo tún padà lọ, ẹlòmíràn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì obìnrin Ẹgbẹ́dá. Wọ́n ní àwọn ẹbí rẹ̀ wá mú un lọ, wọ́n ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń wò ó láìlo ọ̀bẹ. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Wọ́n gé ọyàn òsì náà. Nígbà tí mo jí, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fọwọ́ wá a. Ọwọ́ mi bá báńdéèjì pẹlẹbẹ. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Kò sí orin kankan.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mo wà láàyè. Mò ń lọ sọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n bá ti ní kí n wá, wọ́n sì ní àwọn ò tíì rí i níbòmíràn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé ó ti tán. Apá òsì mi ń wú bí mo bá gbé nǹkan, kò sì yẹ kó sún mọ́ iná, nítorí náà n kò lè yan gàrí mọ́. Gàrí tí àwọn ẹlòmíràn yan ni mò ń tà. Ìyá Gbékẹ̀ máa ń wá jókòó tì mí. Ó ti sọ fún àwọn ọmọdébìnrin ilé gàrí pé kí wọ́n má ká aṣọ sí agbada fún ẹni tí kò fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n tètè lọ fi han nọ́ọ̀sì. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́.

Ìwọ tí mò ń kọ èyí sí, fúnra rẹ ni kó o lọ gba èsì rẹ. Bí ibà bá ń ṣe ọ́, ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ tí ibà náà bá lọ. Bí o kò bá lè dá lọ, mú ẹni tí orúkọ àìsàn náà kò bà lẹ́rù dání. Bí gbogbo ilé bá ṣàdédé di ọmọlúàbí sí ọ, tí wọ́n ń gbé ẹja wá, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo ṣì ń wo fíìmù Kòríà. Ọkọ mi náà ti ń bá mi wò ó báyìí. Kò lè ka òyìnbó, nítorí náà èmi ni mo máa ń kà á, tí mo máa ń sọ ọ́ fún un. Láìpẹ́ yìí, a jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, à ń wo ọ̀kan tó jẹ́ ti tọkọtaya. Ọkọ lọ bá dókítà nípa àìsàn ìyàwó rẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Kí ló ń bẹ̀ ẹ́ sí?"

Mo ní, "Ó ní kí dókítà má sọ fún ìyàwó òun."

Ó pòṣé. "Ìkà! Ṣé ara tiẹ̀ ni? Obìnrin ló lara ẹ̀. Kí wọ́n sọ fún un!"

Mo fi ìka tẹ fóònù, fíìmù náà dúró. Ọkùnrin Kòríà náà la ẹnu sílẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá Múínà, ẹ tún un wí."

Ó wo fóònù, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìta. Ó ní ìrun Àsárì ti tó, kò sì tíì tó. Ó gbé kẹ́tù, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Jẹ́ kó máa lọ."

Mo jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òyìnbó náà ń kọjá nísàlẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń wí?"

Mo ń kà á, ó yé mi dáadáa, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún un. Mo jẹ́ kó jókòó síbẹ̀, kó máa wo ẹnu wọn.